Ihò Ẹlẹ́nu Méjì

Ìlọrin ni mo wà, tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba jẹ́jẹ́ mi, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kógí sílẹ̀. Wọ́n kó àwa ọmọ Okun jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní a ti kúrò ní Kúwárà, ká máa palẹ̀ ẹrù wa mọ́, Lọ́kọ́ja ni ìjọba wa wà báyìí. Àwọn kan ń jó. Èmi ò jó. Mo ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ilé tí mo háyà, mo sì ti rí alápatà tí kì í fi egungun rẹ́ mi jẹ. Nígbà tí mo dé Lọ́kọ́ja, kò sí àga tí mo máa jókòó lé ní ọ́fíìsì. Orí páálí ìwé ni mo ń jókòó sí bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní gáréèjì, ooru ibẹ̀ kò sì mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Inú bí mi débi pé ó sú èmi fúnra mi. Mo ní ó dáa, bí ìjọba ò bá tíì rí iṣẹ́ fún mi, ilẹ̀ bàbá mi wà nílé.

Ilẹ̀ náà wà lẹ́yìn ìlú wa, nílẹ̀ Ìjùmú, béèyàn bá gba Kàbà kọjá sí ọ̀nà Ìkòyí. Bàbá mi ti kú kí n tó padà wálé. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin, ọ̀kan ní Kàdúná, ọ̀kan ní Èkó, ní kí n máa mú un, pé òkúta ló pọ̀ níbẹ̀ ju erùpẹ̀ lọ. Wọn ò parọ́. Àpáta ńlá kan ló jókòó sí ìparí ilẹ̀ náà, igbó ṣù mọ́ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú àpáta yẹn, ilẹ̀ dúdú ni, iṣu tó bá ta níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọkọ mi ti gba ìṣípòpadà sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà ṣáájú mi. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ọjọ́ Jímọ́ ni mo máa ń wọ mọ́tò wálé láti Lọ́kọ́ja, tó bá di Sátidé, àwa méjèèjì a gba oko lọ.

Àwọn ọ̀bọ orí àpáta yẹn ló kọ́kọ́ fẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀. Kò sóhun tí wọn kì í jẹ. Wọ́n jẹ àgbàdo mi, wọ́n hú ẹ̀pà mi. Lọ́jọ́ kan mo gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sábẹ́ igi irú tó wà láàárín oko, mo da àwo bò ó, mo ní kí n parí ebè tó kù kí n tó jẹun. Nígbà tí mo padà débẹ̀, àwo mọ́ tónítóní, kò sí ẹyọ ẹ̀gúsí kan lára rẹ̀. Mo bi Tíṣà bóyá òun ló jẹun mi tó sì fọ abọ́ lé e. Ó ní láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, ìgbà wo lòun fọ abọ́ rí? Ìgbà tá a gbójú sókè la rí wọn lórí àpáta, tí wọ́n ń lá ọwọ́ wọn. Mo sọ òkò sí wọn títí apá fi ń ro mí.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ojú rẹ̀ ṣì ríran, etí rẹ̀ ṣì gbọ́ràn, orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú. Obìnrin tó fẹ́ràn oko ni, ṣùgbọ́n láti kékeré mi, mi ò rí i kó tẹ ilẹ̀ ìdí àpáta yẹn rí. Bàbá mi nìkan ló máa ń lọ síbẹ̀, ìyá mi a gba oko odò tiẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ dáko, ó ní ejò pọ̀ níbẹ̀. Mo ní ibo ni ejò ò sí. Ó ní ilẹ̀ rẹ̀ ti gbó. Mo gbé iṣu tí mo wa níbẹ̀ wá fi hàn án, ó wá dákẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá ti oko dé, kó tó kí mi kú iṣẹ́ ni yóò ti bi mí pé ṣé mi ò dé ìdí àpáta. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń bá a jà.

Àárín òun àti bàbá mi ò dán mọ́rán. Ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n jà, wọn ò sì bú ara wọn rí lójú wa. Ìyá mi a gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún bàbá mi, a kẹ̀yìn sí i, a jáde. Bó ṣe wà nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo sì rò pé bí ilé gbogbo èèyàn ṣe rí ni. Nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, mo wá láti Ìlọrin, mo bá wọn nínú yàrá. Ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú, ó ń sọ ohun kan náà lásọtúnsọ: "Mo gbé e débẹ̀. Mo gbé e débẹ̀." A rò pé ibà ló ń gbé e sọ̀rọ̀. Ìyá mi rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní òun fẹ́ lọ pọnmi.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni a rí ihò náà. Nítorí àwọn ọ̀bọ yẹn, mo ní ká ro igbó ìdí àpáta kúrò kí wọ́n má ríbi sá pamọ́ sí mọ́. A ṣán an, a kó o jọ, a tiná bọ̀ ọ́. Èéfín tó yẹ kó máa lọ sókè bá ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wọ inú àpáta lọ bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á. Kò pẹ́ sígbà náà, Tíṣà nàka sí ẹ̀yìn àpáta lọ́hùn-ún, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ti ń yọ níbẹ̀, níbi tí a ò dáná sí. A rò pé iná ti sá mọ́ wa lọ́wọ́, pé a ti jó oko olóko. A gé ewé tútù, a sáré gba ẹ̀gbẹ́ àpáta lọ títí igbó fi dí wa lọ́nà, a ò rí iná kankan. Ìgbà tí a padà tí iná rọlẹ̀ la rí i pé ẹnu ihò wà lẹ́yìn igbó tí a jó, ó ga tó èèyàn tó bẹ̀rẹ̀. Níwájú rẹ̀, òkúta pẹrẹsẹ kan wà nílẹ̀ bí àga.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ìjọba fún mi ní páálí ìwé, bàbá mi fún mi ní ihò àpáta. A gbé àtùpà àti tọ́ọ̀ṣì, a wọlé. Inú rẹ̀ tutù, ó fẹ̀ tó pálọ̀ ilé wa, àwọn àdán bẹ̀rẹ̀ sí í fò, mo da ìró bo orí. Òkè ibẹ̀ dúdú pẹ̀lú èédú àtijọ́ tó ti gan mọ́ àpáta. Nílẹ̀, a rí ibi tí wọ́n ti lọ nǹkan lórí àpáta títí tó fi jinlẹ̀ bí abọ́ ọbẹ̀. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa máa ń sọ pé inú àpáta ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun Núpé, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń sùn. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Mo tẹ ọwọ́ mi bọ inú ibi ìlọ-nǹkan yẹn, ó bá ọwọ́ mi mu, ara mi bù máṣọ.

Tíṣà ti ń sọ pé òun yóò kọ pátákó sí ẹ̀bá títì, pé àwọn òyìnbó yóò máa wá wò ó. Mo ní kó wá òyìnbó tó máa bá mi lé ọ̀bọ ná. Tèmi ni pé iṣu á ṣe é tọ́jú dáadáa nínú òtútù yẹn. A ṣe àwàdà yìí wálé, ṣùgbọ́n mo ní ká má sọ fún ìyá mi, nítorí mo mọ̀ pé yóò ní ejò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a padà síbẹ̀. Lẹ́yìn pálọ̀ yẹn, ọ̀nà tóóró kan wà tó jẹ́ pé ìdùbúlẹ̀ la fi rá kọjá níbẹ̀. Tíṣà há díẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tì í láti ẹ̀yìn, ó ní kí n rọra, òun kì í ṣe àpò gàrí. Ìgbà tí a dìde lọ́hùn-ún, yàrá kékeré kan ni. Gbogbo àwàdà tán lẹ́nu wa níbẹ̀. Ẹní wà nílẹ̀, ó ti jẹrà, ó kù wúrúwúrú. Òkúta mẹ́ta tí wọ́n fi ń dáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Orí òkúta kan ni wọ́n da àwo tánganran kan bò, bí obìnrin ṣe ń da abọ́ bò lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́. Tíṣà ní àwọn ará ogun Núpé ò ní àwo tánganran. Mo ṣí i, mo nu eruku rẹ̀ sára aṣọ mi. Etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, òdòdó pupa wà láàárín rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ ni ìyá mi gbé wá sílé ọkọ, tí a kì í fi jẹun bí kò bá ṣe ọjọ́ Kérésì. Ẹyọ kan dín nínú wọn, ó sì máa ń sọ pé odò ló gbé e lọ níbi tí òun ti ń fọ abọ́.

A ò wá ibòmíràn mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a délé, ìyá mi jókòó sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa irú. Mo gbé àwo náà síwájú rẹ̀. Ó wò ó. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ta ni, Ìyá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo mọ̀ pé ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan rí. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ó bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásì, ó sì kú sọ́hùn-ún kí wọ́n tó bí mi. Irọ́ ni. Ìyá mi sọ òtítọ́ rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà, irú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè wò wá títí ó fi parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà, nítorí ìyá wọn tètè kú. Nígbà tó lọ sílé ọkọ, àbàwọ́n kan yọ sí i lẹ́yìn, ó yọ sí apá, kò mọ̀ ọ́n lára bí iná bá jó o níbẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn. Ọkọ rẹ̀ lé e jáde. Láyé ìgbà náà, bí wolé-wolé bá gbọ́ pé adẹ́tẹ̀ wà nílé kan, wọ́n ní dògarí, ọlọ́pàá ọba, yóò wá mú un lọ, wọn yóò sì dá ẹni tó fi í pamọ́ lẹ́jọ́. Ibi tí wọ́n ń mú wọn lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílùú wa, ohun tí wọ́n ń sọ kiri ni pé ẹni tó bá lọ kì í bọ̀. Ìyá mi ò tíì pẹ́ nílé bàbá mi nígbà náà. Ó sunkún bá a. Bàbá mi ló fi ihò náà hàn wọ́n, òun ló sì kó ẹní àti ìkòkò lọ síbẹ̀. Òun náà ló pa irọ́ Kùmásì fún ìlú.

Ìyá mi ló ń gbé oúnjẹ lọ. Á gbé e sórí òkúta pẹrẹsẹ yẹn, á mú òkúta kékeré, á fi kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó. Á wá padà sẹ́yìn dé abẹ́ igi irú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a jáde, a jókòó lẹ́nu ihò, a máa jẹun, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ látòkèèrè, ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọjà, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú. Ó ní bí òun bá sún mọ́ ọn díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n òun a dìde wọlé. Ó ní ìgbà míì wọn a rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọ̀bọ a sá.

Oyún dé. Èmi ni. Nígbà tí ó bí mi, wọ́n ní ìyá ìkókó ò gbọdọ̀ jáde nílé títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, bó ṣe wà nílẹ̀ wa nìyẹn, ẹni tó bá sì jáde, gbogbo ilé ni yóò bi í pé ibo ló ń lọ. Ó se oúnjẹ, bàbá mi ló ń gbé e lọ. Lójoojúmọ́ ni bàbá mi ń gbé àwo òfìfo padà wá, tó ń sọ pé ó jẹun, ó jẹ ẹ́ tán. Ogójì ọjọ́ pé. Ìyá mi pọ̀n mí, ó gba oko lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí mi. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó jáde, ó wá da abọ́ bo oúnjẹ náà, ó gbé òkúta ńlá lé e. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ àná ni ó bá, èèrà ti bò ó.

Ó ní òun ò lè wọ inú ihò náà. Òun dúró lẹ́nu rẹ̀, òun ń pè é, ìkókó ń sunkún lẹ́yìn òun, òun ò lè wọ ọ́. Ó ní òun mọ̀ pé ebi ló pa á.

Tíṣà ní ṣebí bàbá ń gbé oúnjẹ lọ. Ìyá mi kàn gbé àtẹ irú rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Ó ní òun fẹ́ kí a padà lọ wá egungun ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní bí ó bá ṣe ìka kan péré ni a rí, kí a gbé e wálé, kí òun sin ín, kí wọ́n sì sin òun tì í. Ó ní òun ò fẹ́ kú láìmọ ibi tó sùn sí. Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ lọ́wọ́ mi láyé nìyẹn.

A padà lọ. Mi ò bá Tíṣà ṣe àwàdà lọ́jọ́ náà. A wá gbogbo yàrá kékeré yẹn, a fi ọwọ́ tú erùpẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, a ò rí egungun. Mo jókòó sílẹ̀, ó rẹ̀ mí. Ibi tí mo jókòó sí ni atẹ́gùn ti fẹ́ iná àtùpà mi, ó fẹ́ ẹ láti inú wá, kì í ṣe láti ìta. Nígbà náà ni mo rántí èéfín. A tẹ̀ lé atẹ́gùn yẹn, ọ̀nà náà yí, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, omi ń kán sí wa lọ́rùn. Nígbà tó yá, a rí ìmọ́lẹ̀. A jáde sí ẹ̀yìn àpáta, sínú igbó tí mi ò dé rí láyé mi, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ kan sì wà níwájú wa tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, sí apá Yàgbà. Ihò bàbá mi ní ẹnu méjì.

Mo sáré sọ fún ìyá mi pé kò sí níbẹ̀, pé ó jáde lọ ni. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Ó rìn jáde? Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e?" Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ẹkún tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú. Ó ní kí a wá a lọ.

Lápá Yàgbà, ibùdó kan wà tí àwọn míṣọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn alárùn yìí láyé ìgbà náà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n báyìí. Èmi àti Tíṣà wọ mọ́tò tó ń lọ Ẹ̀gbẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà, a rìn wọlé. Ìyá mi ò lè bá wa lọ nítorí orúnkún rẹ̀. Àwọn ilé kéékèèké díẹ̀ ló kù níbẹ̀, àgbàdo yí wọn ká, ó mọ́ ju ọ́fíìsì mi ní Lọ́kọ́ja lọ. Bàbá arúgbó kan tí ìka rẹ̀ ti gé kúrú ló kí wa. Ó ní okun o, bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa, a ní okun. Mo ṣàlàyé ẹni tí à ń wá fún un, mo sọ ìlú wa, mo sọ ọdún tí wọ́n bí mi. Ó mi orí pé òun ò mọ ẹnì kankan láti ìlú yẹn. Mo ti dìde tán nígbà tí mo sọ fún un, lásán bẹ́ẹ̀, pé àbúrò rẹ̀ a máa fi òkúta kàn án lẹ́ẹ̀mẹta bó bá gbé oúnjẹ dé.

Bàbá náà ní kí n jókòó.

Ó ní obìnrin kan jẹ́ aládùúgbò òun kó tó kú, ilé rẹ̀ ló wà lódìkejì yẹn. Kò sọ ìlú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹsẹ̀ ló fi rìn dé, wíwú ni ó wú. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, ó lò ó pẹ́, ara rẹ̀ dá. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó ní òun ò nílé. Ó ń gbin ẹ̀pà, ó ń tà á. Èèyàn tó máa ń rẹ́rìn-ín ni, àfi pé bí ẹ bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ẹ gbọ́dọ̀ mú òkúta kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣí i. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo bi í lẹ́ẹ̀kan," bàbá náà wí. "Ó ní níbi tí òun ti wá, àbúrò òun nìkan ló ń kan òkúta. Ó ní ó di ìgbà kan, òun ò gbọ́ ọ mọ́. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni òun ń gbọ́ lẹ́nu ihò lójoojúmọ́, á wá, á dúró díẹ̀, á lọ. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣọ́ òun. Àbúrò òun lóyún sínú nígbà yẹn. Ó ní bí wọ́n bá bá òun níbẹ̀, àbúrò òun ni wọ́n máa dá lẹ́jọ́, ni òun ṣe gba ẹ̀yìn lọ."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ránṣẹ́ sílé nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ó ní ìdí kan náà ni. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àbúrò òun fi òun pamọ́ rí.

Mo bi í ìgbà tó kú. Ó ní kò tíì pẹ́, pé wọ́n ti dá Kógí yìí sílẹ̀ kó tó kú. Ó dùn mí dé egungun. Mo ti wà nílé nígbà náà. Mo ti ń gbin iṣu síwájú ihò rẹ̀, mo ń sọ òkò lu ọ̀bọ, ó sì ń bẹ láàyè, ìrìn mọ́tò kan péré ló wà láàárín wa. Bàbá náà mú wa lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. Ẹ̀pà ti hù lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú mọ́tò, Tíṣà ní kí n má sọ ti ẹsẹ̀ ọkùnrin fún ìyá mi. Mo ní mi ò ní sọ ọ́. Mo sọ gbogbo ohun tó kù: pé ara rẹ̀ dá, pé ó ń rẹ́rìn-ín, pé ó ń ta ẹ̀pà, pé wọ́n sin ín síbi tó dára. Ìyá mi ń gbọ́, ó ń mi orí, ó ní a ṣeun. Mo rò pé ó ti tán. Ó wá béèrè pé, "Kí ló dé tó fi lọ nígbà tó ń rí oúnjẹ jẹ?" Mo wo Tíṣà, Tíṣà wo ilẹ̀. Ìyá mi ní kí n má wò ó, òun ni kí n wò. Mi ò lè parọ́ fún un. Irọ́ tí wọ́n ti pa lórí obìnrin yẹn ti pọ̀ jù.

Ó gbọ́ ọ tán, kò sunkún. Ó ní kí a gbé òun lọ sí ìdí àpáta.

Tíṣà fi alùpùpù gbé e lọ, mo tẹ̀ lé wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ò mú mọ́. Ó fara ti èjìká mi dé ẹnu ihò, ó wo òkúta pẹrẹsẹ yẹn. Ó wá òkúta kékeré nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yí padà, ó ní kí n mú òun dé abẹ́ igi irú. Ibẹ̀ ló jókòó sí, ó kọjú sí ihò. Àwọn ọ̀bọ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan dé orí òkúta pẹrẹsẹ, ó fi ọwọ́ pa á bí ẹni tó ń wá oúnjẹ, ó fi ọwọ́ sẹ́nu. Ìyá mi rí i. Èmi náà rí i.

"Bàbá rẹ gbé e débẹ̀," ó wí. "Mo rò pé ó ń dà á nù lọ́nà ni, nítorí ẹ̀rù ń bà á. Títí ó fi kú ni mo rò bẹ́ẹ̀." Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀, òkúta kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀. "Mo sọ ibi tó máa gbé e sí fún un. Mi ò sọ fún un pé kó kan òkúta."

Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú díẹ̀, Tíṣà sì gbé wa lọ sílé.